Iwin tó Jẹ́rìí Lórí Gbèsè: Ọ̀rọ̀ Cock Lane, London, 1762

Gbèsè gínì 12, owó wúrà Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń sọ ìtàn iwin Cock Lane máa ń gba ọ̀nà iwin wọ̀ ọ́: ariwo lóru, obìnrin tó ti kú, ọmọdé tó ń gbọ̀n lórí ibùsùn. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà owó. Ẹni tó bá ti mọ ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tó ń sin gbèsè ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà kí iwin tó dé rárá.

William Kent ni olówó èlé. Ará Norfolk ni, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ Elizabeth Lynes, ìyàwó náà sì kú níbi ìbímọ. Frances, ọmọ ìyá ìyàwó, tí gbogbo ayé ń pè ní Fanny, ló wá bá a tọ́jú ilé. Ọmọ tuntun náà kò pẹ́ láyé, àwọn méjèèjì sì di olólùfẹ́. Òfin ṣọ́ọ̀ṣì ayé ìgbà náà kò gbà kí ọkùnrin fẹ́ ọmọ ìyá aya rẹ̀ tó kú. Ọdún 1907 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó yí òfin yẹn padà. Ní 1759, wọ́n forí lé London, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n, wọ́n ń gbé pọ̀ bíi tọkọtaya.

Níbi àdúrà òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St Sepulchre ni wọ́n ti pàdé Richard Parsons, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì náà. Parsons ní yàrá wà nílé òun ní Cock Lane, òpópónà tóóró kan lẹ́bàá ọjà Smithfield. Ènìyàn tí àwùjọ kà sí ni, àmọ́ ó fẹ́ràn ọtí, owó sì ń dà á láàmú. Láìpẹ́, Kent yá a ní gínì 12, wọ́n sì jọ ṣàdéhùn pé kí ó máa san gínì kan lóṣooṣù. Lánlọ́ọ̀dù di onígbèsè ẹni tó háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ilé onílé rí mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìjà ń gbé.

Lọ́jọ́ kan Kent lọ síbi ìgbéyàwó lẹ́yìn ìlú. Fanny, tí kò fẹ́ dá sùn, ní kí Elizabeth, ọmọbìnrin Parsons, wá bá òun sùn. Ọmọ bí ọdún 10 ni. Òru ọjọ́ náà ni kíkàn bẹ̀rẹ̀: kò, kò, kò, lára ògiri, lára igi ibùsùn. Ìyá ọmọ ní aránbàtà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló ń ṣiṣẹ́ lóru. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Àìkú dé, aránbàtà kò ṣiṣẹ́, kíkàn sì tún ń bá a lọ. Fanny gbà pé ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n òun tó kú ni, pé ó wá kìlọ̀ fún òun nítorí ọkọ. James Franzen, tó ní ilé ọtí ládùúgbò, wá sílé náà lóru kan, ó ní òun rí ohun funfun kan tó ń gun àkàbà lọ sókè. Ohun tó yẹ ká dì mú níbí ni pé ní 1759, ẹ̀mí ìyàwó àkọ́kọ́ ni wọ́n pe ariwo náà, nítorí Fanny ṣì wà láàyè.

Kent àti Fanny kó kúrò lọ sí Clerkenwell. Fanny ti lóyún. Ní oṣù Kíní 1760, ṣọ̀pọ̀ná mú un. Dókítà àti apòògùn tọ́jú rẹ̀. Stephen Aldrich, àlùfáà St John ní Clerkenwell, wá bá a lórí ibùsùn. Ọjọ́ kejì oṣù Kejì ló kú. Ó ti ṣe ìwé ìhágún: ṣílè méjì àbọ̀ fún àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìyókù fún Kent. Ẹ lè fojú inú wo bí ìyẹn ṣe rí lára ẹbí Lynes. Wọ́n gbé pósí rẹ̀ sí yàrá abẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì St John, Kent kò sì jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ sí i, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ àjọgbé wọn pè é lẹ́jọ́. Arábìnrin Fanny kan wá síbi ìsìnkú, ó ráhùn pé wọ́n ti de ìdérí pósí kí òun tó rí ojú òkú. Orúkọ tí kò sí lára pósí yẹn yóò dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Lẹ́yìn náà ni Kent pe Parsons lẹ́jọ́ kó san ohun tó kù nínú gínì 12.

Ní oṣù Kíní 1762, kíkàn padà sí Cock Lane, níbi tí Elizabeth kékeré bá ti sùn. Parsons ránṣẹ́ sí John Moore, àlùfáà ní Smithfield, ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Wọ́n ṣètò èdè fún iwin náà: kíkàn kan, bẹ́ẹ̀ ni, kíkàn méjì, bẹ́ẹ̀ kọ́, bí inú bá bí i, á máa ha nǹkan bí ológbò. Nípa èyí ni wọ́n fi mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mọ́. Fanny fúnra rẹ̀ ni. Ó ní Kent ló pa òun, pẹ̀lú májèlé arsenic nínú ọtí gbígbóná, wákàtí bíi méjì kí òun tó kú.

Ẹ wo ọgbọ́n inú ètò yẹn dáadáa. Iwin tí kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ kò lè mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. Gbogbo ohun tó "sọ", ẹnu oníbèèrè ló ti kọ́kọ́ jáde. Ṣé májèlé ni? Kò. Ṣé Kent ló fún ọ? Kò. Moore kò parọ́ lójú ara rẹ̀. Mo gbà pé ó gba ohun tó ń gbọ́ gbọ́. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ẹ̀rí náà, ó kàn ń fi ògiri buwọ́ lù ú ni.

Kent gbọ́ pé wọ́n ń dárúkọ òun, ó sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dúró ní yàrá náà, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe béèrè bóyá òun ló pa Fanny, ó gbọ́ kíkàn kan. Wọ́n béèrè bóyá wọn yóò so ó kọ́. Kíkàn kan. Ó pariwo pé ẹ̀mí èké ni, pé Fanny òun kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láé. Wọ́n wá ìránṣẹ́bìnrin tó bá Fanny gbé rí, ẹni tí wọ́n ń pè ní Carrots nítorí irun rẹ̀ tó pupa. Carrots ní tọkọtaya náà fẹ́ràn ara wọn, àti pé ó tó ọjọ́ mẹ́rin kí Fanny tó kú tí kò ti lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó wà níbi ikú náà sọ ohun tó rí, ariwo inú ògiri sọ òmíràn, ògiri sì ni ìlú gbà gbọ́.

Èyí ya èmi lẹ́nu títí tí mo fi rántí òwe tiwa: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Bí London ṣe ro ó nìyẹn. Obìnrin kan gbé pẹ̀lú ọkọ arábìnrin rẹ̀, ó fi owó sílẹ̀ fún un, ó kú kíákíá, wọ́n sin ín láìkọ orúkọ. Kí ló tún kù? A máa ń pa òwe yẹn bí ẹni pé ó ti yanjú ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi tó yẹ kí ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ló máa ń dá ẹnu wa dúró.

Ìwé ìròyìn gbé e. Òpópónà Cock Lane kún débi pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kò rí ọ̀nà gbà. Horace Walpole, ọmọ olórí ìjọba àtijọ́, wá lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kíní pẹ̀lú arákùnrin ọba, Duke ti York, àti àwọn ọlọ́lá míì. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé yàrá kótópó kan báyìí, ènìyàn bí àádọ́ta kún inú rẹ̀, àbẹ́là kan ṣoṣo ló ń tàn. Wọ́n dúró títí di aago kan àbọ̀, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní iwin kò ní dé títí di aago méje àárọ̀. Walpole ṣàkíyèsí pé ọjà ń tà fún gbogbo ilé ọtí àdúgbò. Èyí kò jẹ́rìí pé onílé ọtí ló dá iwin sílẹ̀, àmọ́ ó sọ ìdí tí ẹnikẹ́ni ládùúgbò kò fi kánjú kí ó lọ.

Lórí ẹ̀sìn ni àríyànjiyàn ti gbóná jù. Àwọn kan ní àwọn Mẹ́tọ́díìsì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Walpole sọ ọ́ gbangba. Ẹ rántí pé ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì ìgbà yẹn kò tíì jẹ́ ìjọ tó dá dúró tí ẹnikẹ́ni ń bọ̀wọ̀ fún. Ọgọ́rin ọdún ṣì kù kí oníṣẹ́ ìyìn rere wọn, Thomas Birch Freeman, tó dé Badagry ní 1842. Ní London, aláriwo ni wọ́n kà wọ́n sí. John Wesley, olórí wọn, gbà pé iwin wà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ilé bàbá rẹ̀ ní Epworth ní kíkàn tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ rọrùn láti gbọ́ yé: bí o bá ní òkú kò lè padà wá sọ̀rọ̀, báwo lo ṣe fẹ́ jẹ́ kí n gba àjíǹde gbọ́? Àwọn àlùfáà Áńgílíkà kan sì wà láàárín méjì, torí wọn kò fẹ́ gbe iwin lẹ́yìn, wọn kò sì fẹ́ dà bí aláìgbàgbọ́. William Hogarth, ayàwòrán, ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an, ó fi iwin Cock Lane sínú ìjọ àwọn tó ń wárìrì. Òun rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín kò lè gba Kent sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé kọ́ọ̀tù lọ́nà tí kò dára, okùn ló ń dúró dè é.

Àwọn ẹni ọ̀ràn kàn gbé e dé ọ̀dọ̀ Samuel Fludyer, Lord Mayor ìlú London. Kò fi ẹnikẹ́ni sí àhámọ́. Ó ní kí wọ́n lọ dán an wò.

Stephen Aldrich, àlùfáà tó wà níbi ikú Fanny, ló kó àwọn olùwádìí jọ. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, nítorí wọ́n máa ń ṣi ibẹ̀ sọ. Samuel Johnson, tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá, wà níbẹ̀: onígbàgbọ́ tọkàntọkàn ni, ẹni tí ìbá dùn mọ́ gan-an bí iwin bá jẹ́ òótọ́. John Douglas wà níbẹ̀: àlùfáà ni, àmọ́ ó ti tú àṣírí ọ̀mọ̀wé kan tó yí ìwé láti fi ẹ̀sùn olè kan akéwì Milton. Lord Dartmouth wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ń bá àwọn Mẹ́tọ́díìsì rìn. Dókítà kan, George Macaulay, wà pẹ̀lú wọn, àti mátírọ́nì ilé ìgbẹ̀bí kan tí yóò máa wo ọmọ náà. Mátírọ́nì yìí lèmi kà sí ẹni tó wúlò jù nínú wọn. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ aláìgbàgbọ́. Wọn kò béèrè bóyá iwin wà láyé. Wọ́n béèrè bóyá iwin yìí mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.

Nítorí iwin náà ti ṣèlérí. Ó ti fi kíkàn gbà pé òun yóò bá ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà lọ sí yàrá abẹ́lẹ̀ St John, níbi tí òkú wà, òun yóò sì kan pósí òun. Gbogbo ìyókù, ẹnikẹ́ni lè jà lé e lórí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èyí ní ibi, ó ní àkókò, ó sì ní ohun tí etí lè gbọ́.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejì, wọ́n gbé ọmọ náà lọ sílé Aldrich ní Clerkenwell. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, àwọn obìnrin yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Àwọn ọkùnrin jókòó fún wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ bi Parsons léèrè. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀tàn. Bí wọ́n ti kúrò lọ́hùn-ún, àwọn obìnrin ké sí wọn pé kíkàn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sáré gòkè. Ọmọ náà ní òun mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀mí náà wà lẹ́yìn òun bí èkúté. Wọ́n ní kó yọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde lábẹ́ aṣọ ìbora, kó gbé e sókè bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà tí ọwọ́ ti wà níta, iwin kò tún dún mọ́. Wọ́n pè é. Wọ́n rọ̀ ọ́ pé kó kàn, kó ha, kó fara hàn, kó fọwọ́ kan ẹnì kan nínú wọn, ohunkóhun. Kò sí.

Ní aago kan òru, wọ́n sọ fún un pé ẹni tó ṣèlérí fún ń lọ sí yàrá abẹ́lẹ̀. Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni náà sọ̀kalẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹnì kejì, wọ́n dúró láàárín àwọn pósí, wọ́n rán iwin létí ìlérí rẹ̀. Kò sí kíkàn. Wọ́n padà wá bá ọmọ náà, wọ́n ní kó jẹ́wọ́, kò jẹ́wọ́. Láàárín aago méjì sí mẹ́ta, ó ní òun fẹ́ máa lọ sílé pẹ̀lú bàbá òun, wọ́n sì jẹ́ kó lọ. Johnson ló kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn: gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbà pé ọmọ náà ní ọ̀nà kan tó ń gbà dá ariwo náà, kò sì sí ọwọ́ ohun tó ju ènìyàn lọ níbẹ̀.

Ká ní wọ́n dúró níbẹ̀, èmi ìbá kan sáárá sí wọn. Wọn kò dúró.

Àwọn ará Parsons ti rí àwáwí: wọ́n ní Kent ti gbé òkú kúrò, ìdí nìyẹn tí pósí kò fi dún. (Ẹ ṣàkíyèsí bí irú ìtàn báyìí ṣe máa ń jẹ àdánwò tó bá kùnà, kó sì tún sanra sí i.) Kent àti àwọn ẹlẹ́rìí ní láti sọ̀kalẹ̀ lọ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, wọ́n ṣí pósí, òkú sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ yẹn tó dé, wọ́n ti gbé Elizabeth lọ sílé mìíràn fún àyẹ̀wò. Wọ́n so ibùsùn rẹ̀ rọ̀ sókè, wọ́n ya ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n fi ọ̀já so wọ́n. Òru méjì, kò sí ariwo. Wọ́n wá sọ fún un pé bí iwin kò bá dún lóru tó ń bọ̀, òun, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ń lọ sí ẹ̀wọ̀n Newgate.

Ọmọ ọdún 12 ni. Kí lẹ rò pé yóò ṣe? Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rí i tó mú pátákó kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń gbé kẹ́tù lé, tó sì fi pamọ́ sínú aṣọ. Iwin dún lóru yẹn. Wọ́n mú un. Gbogbo ìlú ní àṣírí ti tú.

Títí dòní, pátákó yẹn ni wọ́n fi ń parí ìtàn náà, ibẹ̀ gan-an sì ni mo ti bá àwọn aláìgbàgbọ́ ẹlẹgbẹ́ mi jà. Àwọn tó wà níbẹ̀ fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ariwo pátákó kò jọ ariwo ti tẹ́lẹ̀ rárá, pé ìbẹ̀rù ló sún ọmọ náà dé ibẹ̀. Bí ẹ bá halẹ̀ mọ́ ọmọ pé bí ariwo kò bá dún ẹ ó ti òbí rẹ̀ mọ́lé, ariwo á dún. Ohun tí ẹ fi gbangba hàn ni pé ọmọ náà fẹ́ràn òbí rẹ̀. Ẹ̀rí òru ọjọ́ kìíní oṣù Kejì kò nílò ìbẹ̀rù kankan: ọwọ́ níta, kò sí ariwo, ìlérí tó ní ibi àti àkókò, kò ṣẹ. Ìyẹn tó.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje, ní Guildhall, gbọ̀ngàn ìlú London, níwájú adájọ́ àgbà Lord Mansfield, ènìyàn márùn-ún jẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀ láti gba ẹ̀mí Kent: Parsons, ìyàwó rẹ̀, Mary Frazer tó máa ń bá iwin sọ̀rọ̀, àlùfáà Moore, àti oníṣòwò kan. Ìṣẹ́jú 15 tó fún ìgbìmọ̀ ìdájọ́ láti dá gbogbo wọn lẹ́bi. Wọ́n dá ìdájọ́ dúró kí wọ́n lè bá Kent yanjú; Moore àti oníṣòwò náà san pọ́n-ùn 588 fún un, wọ́n sì bọ́. Ìyàwó Parsons gba ẹ̀wọ̀n ọdún kan, Frazer oṣù mẹ́fà. Parsons gba ọdún méjì, pẹ̀lú kíkan ọrùn àti ọwọ́ mọ́ àbà ní gbangba nígbà mẹ́ta. Àwọn ènìyàn a máa ju ẹyin rírà àti òkúta lu ẹni tó bá wà nínú àbà. Àwọn kan ti kú síbẹ̀. Fún Parsons, wọ́n dáwó jọ. Mo gbà pé kì í ṣe nítorí iwin nìkan. Òtòṣì ni, olówó èlé sì ni ọ̀tá rẹ̀. Títí ìdí ọ̀rọ̀, Parsons ní òun kò jẹ̀bi.

Ní 1845, ayàwòrán kan, J. W. Archer, sọ̀kalẹ̀ lọ sínú yàrá abẹ́lẹ̀ St John. Wọ́n fi pósí kan hàn án, wọ́n ní ti Fanny ni, wọ́n ṣí i. Ó rí ojú obìnrin arẹwà kan tí kò tíì bàjẹ́ tán, kò sì rí àpá ṣọ̀pọ̀ná kankan. Látìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé arsenic máa ń jẹ́ kí òkú pẹ́ kó tó jẹrà, nítorí náà, bóyá iwin sọ òótọ́. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ gbàgbé bí wọ́n ṣe sin ín. Kent kò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ kankan sára pósí. Ohun tí Archer rí ni obìnrin kan nínú pósí kan, láàárín àwọn pósí ìjọ kan, lẹ́yìn ọdún 85, àti ẹni tó di àtùpà mú tó ní ìtàn lẹ́nu.